Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ arúgbó: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù ló máa ń bi mí ní ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Àwọn tó kẹ́yìn wá láti ẹnu àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀.

Kí la ń pè ní fífìyà jẹ arúgbó gan-an?

Ohunkóhun tí ẹni tí arúgbó fọkàn tán bá ṣe sí i, tàbí tó yẹ kó ṣe fún un tí kò ṣe, tó wá di ìpalára tàbí ìbànújẹ́ fún un. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn, ẹni ọdún 60 sókè ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìfọkàntán ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Bí olè bá gbá bàbá létí lójú títì, ọ̀ràn ọlọ́pàá ni. Bí ọmọ tí bàbá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bá gbá a létí, ohun tí à ń wí níbí nìyẹn. Kò sì mọ sórí ìgbátí: èébú àti ìhalẹ̀ wà níbẹ̀, kíkó owó rẹ̀ ná wà níbẹ̀, fífọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pípa á tì láìsí oúnjẹ, omi tàbí oògùn. Ìpatì yìí la máa ń rí jù ní wọ́ọ̀dù, òun náà ni wọ́n sì máa ń tètè fi "ọjọ́ ogbó ni" bò mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ṣé irú èyí wà níbẹ̀?

Ó wà. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé nínú àgbàlagbà 6 tó ń gbé láàárín ìlú, 1 ni wọ́n fìyà jẹ láàárín ọdún kan, àti pé nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 24, ẹyọ 1 péré ló ń dé etígbọ̀ọ́ àwọn tó yẹ kó gbọ́. Ti gbogbo ayé ni o, kì í ṣe ti Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì nìkan, ṣùgbọ́n èmi ò rí ìdí tí tiwa yóò fi yàtọ̀.

Ìdọ̀bálẹ̀ kò ní kí ọmọ má jẹ owó ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀. A máa ń wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yẹn ò sọ ohun tí òkété máa ṣe bí ọmọ bá wà ní Kánádà, tí ìyàwó ọmọ ń ṣiṣẹ́ òru, tó sì jẹ́ ọmọ-ọmọ ọdún 13 ni wọ́n fi ìyá àgbà tì.

Kí ló dé tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ ń di ẹrù yìí lé lórí?

Nítorí nọ́ọ̀sì ló ń wẹ aláìsàn. Dókítà lè gbé ẹ̀gbẹ́ aṣọ sókè, kó gbọ́ àyà, kó máa lọ. Ẹ̀yin lẹ máa yí ìyá síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ẹ máa rí ìdí, abẹ́ ọmú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn etí. Ẹ̀yin náà lẹ wà níbẹ̀ ní aago méjì òru nígbà tí oorun ò kun ìyá mọ́, tó wá ń sọ̀rọ̀.

Àmì wo ni kí n máa wò?

Ẹ wò ó kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn ìwẹ̀. Omi àti ọṣẹ máa ń nu ẹ̀rí nù: pámpáàsì tí ìtọ̀ ti gbẹ mọ́, irun tó ti dì, èékánná ẹsẹ̀ tó ti ká wọnú ẹran. Ẹ wo ahọ́n bóyá ó gbẹ. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ fún ojú okùn. Ẹ wo orí bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti fa irun tu. Ìrora tàbí ẹ̀jẹ̀ lójú ara tí kò nídìí, tàbí àrùn ìbálòpọ̀ lára ìyá ọdún 80, ẹ má dijú sí i nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń ti yín lójú.

Oògùn tún máa ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ní "ojoojúmọ́ ni Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn," tí ẹ̀jẹ̀ Màmá sì wà ní 210/120, ẹ ní kí wọ́n gbé ọ̀rá oògùn náà wá, kí ẹ ka hóró tó kù. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: bàbá tó ń sùn ṣáá nílé, tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì tó dé ọ̀dọ̀ yín ni ojú rẹ̀ là, tó ń bèèrè ìwé ìròyìn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fún un ní oògùn oorun kó má baà yọ ilé lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni ìwà. Ìyá máa ń wojú ọmọ kó tó dáhùn. Bàbá ń ṣẹ́jú pàkòpàkò bí ẹ bá gbọ́wọ́ sókè láti gbé omi dírípù kọ́. Ìtàn ìfarapa yàtọ̀ láti ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíràn. Egungun ti ṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbé e wá, ilé ìwòsàn mìíràn ni wọ́n sì gbé ti oṣù tó kọjá lọ. Àmì kan ṣoṣo ò tó. Bí mẹ́ta bá ń tọ́ka síbì kan náà, ó yẹ kó gba oorun lójú yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹ̀jẹ̀ dídì abẹ́ awọ tí ìṣubú fà yàtọ̀ sí ti lílù?

Ibi tó wà lára ló ń sọ jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2005, tọ́pasẹ̀ àwọn arúgbó 101 tí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ awọ wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni lù wọ́n. Nǹkan bí 90 nínú 100 àwọn ojú ibẹ̀ ló wà ní apá àti ẹsẹ̀. Kò sí ọ̀kankan ní ọrùn, etí, ìdí, ojú ara tàbí àtẹ́lẹsẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i ní ọrùn, ní ẹ̀yìn etí, tàbí tó rí bí ìka mẹ́rin ní apá òkè, ẹ dúró, kí ẹ béèrè.

Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé àwọ̀ ibẹ̀ máa ń sọ iye ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìwádìí kan náà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn kan ti ní àwọ̀ ìyeyè bí ata rodo tó ń pọ́n bọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ má kọ "ó ti tó ọjọ́ márùn-ún" sínú fáìlì nítorí àwọ̀. Ara dúdú tún ní tirẹ̀. Pípupa inú ìwé ò ní hàn lára ìyá Ìjẹ̀bú kan tó dúdú bí kóró iṣin. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ibi tó gbóná tàbí tó le, kí ẹ fi apá ọ̀tún wé tòsì.

Ẹ sì béèrè kí ẹ tó dájọ́. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí aspirin, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn geere, ìfọwọ́tọ́ lásán lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ awọ rẹ̀. Ojú gbẹ́rẹ́ tuntun ní ìgbèrí apá, ara tó bó nítorí omi gbígbóná tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rọpárọsẹ̀: ìtọ́jú ni ẹni tó ṣe é pè é. Bí omi náà bá bó o, ó bó o ni, ọgbẹ́ ni kí ẹ tọ́jú, kí ẹ kọ́ ẹbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà.

Ṣé egbò ìdùbúlẹ̀ ti tó ẹ̀rí pé wọ́n pa á tì?

Rárá. Ó lè yọ lára ẹni tí wọ́n tọ́jú dáadáa, pàápàá ẹni tó ń kú lọ, tàbí tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ẹnì kan mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìgbà tó mọ̀, àti ohun tó ṣe. Egbò tó ti dé egungun, tó ń rùn, tí wọ́n fi aṣọ àdìrẹ bò, tí ẹbí sì ní "a ò rí i rárá", èyíinì gba ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa pẹ̀lú. Mélòó nínú wa ló kọ́ ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ padà ní wákàtí méjì méjì kí a tó ní kí wọ́n gbé e lọ sílé? Mo ti rí ìwé ìdásílẹ̀ tí kò ní ju oògùn àti ọjọ́ ìpadàbọ̀ lọ. Bí egbò bá yọ lẹ́yìn irú èyí, àwa náà wà nínú ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ṣé ó kan nọ́ọ̀sì?

Ó kàn yín bí kò bá jẹ́ kí aláìsàn rí oògùn rà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé, tí kò ní owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: ta ló ń mú káàdì ATM rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oní-POS? Ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lóṣooṣù, àbúrò tó ń gbà á ti mọ ilé, Màmá ń jẹ ẹ̀bà alẹ́ àná. Èyí wọ́pọ̀ lóde òní débi pé mo máa ń bi ọmọ tó wà lókè òkun lórí fóònù, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Màmá: "Èló lẹ fi ránṣẹ́ fún ìtọ́jú yìí?" Nígbà mìíràn, ìdáhùn náà máa ń pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́.

Ọmọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló sì ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Báwo ni mo ṣe máa rí ìyá nìkan?

Ẹ má bá a jà. Ẹ fi iṣẹ́ yín ṣe é: ẹ mú ìyá lọ gba ìtọ̀, ẹ mú un lọ sórí ìwọ̀n, ẹ fa kọ́tìnì láti wẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù yìí nìyẹn, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá níta." Bí ó bá kọ̀ délẹ̀délẹ̀, kíkọ̀ náà jẹ́ ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀.

Bí ìyá bá ń sọ èdè tí ẹ ò gbọ́, bóyá Ègùn tàbí Ìgbìrà, ẹ wá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó gbé e wá ni yóò máa túmọ̀.

Báwo ni kí n ṣe béèrè? Ọmọdé ni mí lójú wọn.

Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó kí ojú yín lè ṣe déédéé pẹ̀lú tiwọn. Ẹ jẹ́ kó dà bí ohun tí ẹ ń bi gbogbo èèyàn: "Màmá, gbogbo àgbà tó bá sùn síbí la máa ń bi, ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà, láti orí èyí tó fúyẹ́. Ta ló ń bá yín se oúnjẹ? Ṣé ẹnì kan ti dí yín lọ́wọ́ láti rí oúnjẹ, oògùn, awò ojú yín tàbí dókítà? Ṣé ẹnì kan máa ń bá yín sọ̀rọ̀ débi tí ojú fi ń tì yín tàbí tí ẹ̀rù ń bà yín? Ṣé wọ́n ti fi agbára mú yín tẹ̀ka sórí ìwé, tàbí ná owó yín lẹ́yìn yín? Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe yín léṣe?

Kì í ṣe orí mi ni mo ti hun gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè 6 kan wà tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tó jáde ní 2008, tí wọ́n ń pè ní Elder Abuse Suspicion Index. Márùn-ún ni aláìsàn máa dáhùn nípa oṣù 12 tó kọjá, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló ń fi ojú ara rẹ̀ dáhùn ẹ̀kẹfà. Ẹni tí iyè rẹ̀ ṣì pé ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má sì lo ọ̀rọ̀ bíi "ìkà" tàbí "ìyà". Ìyá ò ní gbà láéláé pé ọmọ tí òun bí ń fìyà jẹ òun, ṣùgbọ́n ó lè sọ pé "ó máa ń kanra mọ́ mi díẹ̀."

Ìyá sẹ́ kanlẹ̀. Ó ní òun ṣubú ni. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí: "Ó dáa Màmá. Bí nǹkan mìíràn bá wà, òru ni mo wà lọ́sẹ̀ yìí." Ó ń ro ẹni tí yóò máa fún un lómi bí wọ́n bá mú ọmọ náà lọ. Ó ń ro ohun tí ará àdúgbò máa wí. Nígbà kan, bàbá kan sẹ́ fún wa lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni wọ́n ń fá irun rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ ìtàn ẹlòmíràn.

Ẹbí ní àjẹ́ ni ìyá náà. Òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́wọ́.

Ẹ má wọ inú àríyànjiyàn bóyá àjẹ́ wà tàbí kò sí. Ẹ ò ní borí, ilẹ̀ á sì ṣú. Ẹ béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní láti bí ọdún méjì ló ti ń dá sọ̀rọ̀, ó ń rìn lóru, ó ń pe ọmọ ní orúkọ àbúrò òun tó ti kú, ó jẹun tán ó ní wọn ò fún òun lóúnjẹ. Aláìsàn yìí ń ṣarán ni. Àrùn ọpọlọ tó ń jẹ iyè ni, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn gba ohunkóhun tí wọ́n bá ti fi pá bi í. Ìjẹ́wọ́ tó ti ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fipá mú un gbà ò níláárí.

Ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò, ẹ yẹ ṣúgà, ẹ yẹ iyọ̀ ara: arúgbó tí ìtọ̀ rẹ̀ ní àrùn lè máa rí ohun tí kò sí lálẹ́ ọjọ́ kan, kó padà bọ̀ sípò bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ "àjẹ́" parí sí oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ojú okùn tàbí ṣẹ́ẹ̀nì bá wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àdúrà. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà, ní abala 210, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn. Mo máa ń sọ ìyẹn fún ẹbí ní ohùn pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣàlàyé àrùn náà tán. Bí ẹ bá fi òfin ṣáájú, wọ́n á gbé ìyá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ni mo máa kọ sínú fáìlì?

Ohun tí ojú yín rí àti ohun tí etí yín gbọ́. "Ẹ̀jẹ̀ dídì méjì ní ọrùn lápá òsì, ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, èkejì 2." "Aláìsàn ní: 'Tunde ló fi ọ̀pá omọ́rogùn gbá mi.'" Ẹ fi aago sí i, ẹ ya àwòrán ara, kí ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ má kọ "ọmọ rẹ̀ ń lù ú" bí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Ẹ má kọ "aláìsàn ń purọ́" náà. Fọ́tò dára bí aláìsàn bá yọ̀ǹda, bí ilé ìwòsàn bá fàyè gbà á, tó sì jẹ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn lẹ fi yà á. Fóònù ara yín tí WhatsApp wà lórí rẹ̀ kọ́ ni ibi ìpamọ́.

Ta ni mo máa sọ fún, òfin wo ló sì wà lẹ́yìn mi?

Ọ̀gá wọ́ọ̀dù àti dókítà lákọ̀ọ́kọ́, kó tó di pé iṣẹ́ yín parí lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn wọn, òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà ilé ìwòsàn, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé lẹ wà. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, ẹ pe 112. Ní Èkó, 767 náà wà, DSVA, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀, sì ń gba ẹjọ́ ìwà ipá inú ilé, ti àgbàlagbà náà.

Òfin ìwà ipá ti 2015, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí VAPP, ka lílé ènìyàn kúrò nílé, yíya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́, fífi ọ̀rọ̀ dá ọgbẹ́ síni lọ́kàn, fífi ìyà opó jẹ obìnrin, àti pípa ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ tì láìsí oúnjẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Abuja nìkan ni òfin àpapọ̀ yìí ti múlẹ̀. Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ti ṣe tiwọn, Èkó sì ti ní òfin ìwà ipá inú ilé láti 2007. Òfin 2017 ló dá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wà ní UCH Ìbàdàn láti 2012.

Ìyá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣírí aláìsàn ńkọ́?

Ẹ má ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní sọ. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí a pa àṣírí aláìsàn mọ́, ṣùgbọ́n ó gbà yín láàyè láti sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń tọ́jú rẹ̀ bó bá jẹ́ fún àǹfààní rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ gbọ́. Pásítọ̀ rẹ̀ àti aládùúgbò yín kò gbọdọ̀ gbọ́.

Kó tó di ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ìbéèrè kan wà: ṣé iyè ìyá pé? Bó bá pé, tó mọ ohun tó ń sọ, tó sì mọ ewu tó wà níbẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti padà sílé ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ dùn yín. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tó lè pè, ẹ wá ẹbí mìíràn tó fọkàn tán, ẹ dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ tó súnmọ́. Bí iyè rẹ̀ kò bá pé mọ́, dókítà àti wẹ́lífíà ló máa bá yín gbé e, ẹ má dá a sílẹ̀ títí ètò ààbò yóò fi wà.

Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ìkà, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Òótọ́ ni nígbà púpọ̀. Obìnrin tó ti ń gbé ìyá ọkọ rẹ̀ dìde fún ọdún mẹ́fà, tí kò sùn, tó jágbe lánàá, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lábẹ́ bàbá. Ẹ bi òun náà pé báwo lara rẹ̀. Ẹ bá a wá ẹni tó lè gbà á lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú tí ẹ ní sí i ò gbọdọ̀ dí yín lójú: egbò tó wà lára ìyá ò mọ̀ bóyá ìkà ni tàbí àárẹ̀.

Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ló ń ṣe é ńkọ́?

Nínú ilé ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ 2 nínú 3 ló fẹnu ara wọn sọ fún àwọn olùwádìí pé àwọn ti ṣe é láàárín ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kó o jọ. Kì í sábà jẹ́ lílù. Fífi báńdéèjì de ọwọ́ bàbá mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì ni, tàbí "ẹ tọ̀ ọ́ síbẹ̀, pámpáàsì wà lára yín." Ẹ kọ́kọ́ tú ọwọ́ bàbá. Ẹ bá ẹlẹgbẹ́ yín sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ fún màtírọ́nù. Wọ́n lè pè yín ní ọ̀dàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bírítéènì tàbí Amẹ́ríkà ni mo wà. Ṣé bákan náà ni?

Ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ní England, Òfin Ìtọ́jú ti 2014, abala 42, mú un ní dandan fún káńsù láti wádìí bí àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú bá wà nínú ewu. Ẹ̀yin máa fi tó ẹni tó ń bójú tó ọ̀ràn ààbò níbi iṣẹ́ létí. Òfin 1998 tún dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó tú àṣírí ìwà ibi. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, dandan ni kí nọ́ọ̀sì fi ẹjọ́ sùn. Ní ilé ìtọ́jú arúgbó tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀, wákàtí 2 lẹ ní bí ìpalára ńlá bá wà, wákàtí 24 bí kò bá sí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù físà ń ba ọ̀pọ̀ yín, pé ọ̀gá tó gbà yín síṣẹ́ ló mú ìwé yín lọ́wọ́. Ẹ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí n ṣe ẹlẹ́rìí bí bàbá bá tẹ̀ka.

Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ pe ọ̀gá wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí dókítà wá wo bí ọpọlọ bàbá ṣe rí lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì béèrè agbẹjọ́rò tó ń ṣiṣẹ́ fún bàbá, kì í ṣe fún ọmọ. Ẹ kọ ẹni tó gbé ìwé wá àti aago tó dé. Àwọn kan máa ń dúró di àsìkò tí nọ́ọ̀sì bá ń pààrọ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá ń wẹ bàbá lálẹ́ tí ẹ rí yíǹkì lójú àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ má tíì fọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, àtàǹpàkò ọwọ́ wo.